Ọkọ̀ Ogun Bọ́láwárìn

Ipa táyà ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ọkọ̀ ìṣeré ni, kò wúwo ju iṣu ńlá kan lọ, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e láti orí tábìlì sínú yanrìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó rìn kọjá níwájú mi, ojú ọ̀nà tó là sílẹ̀ jìn ju ti gbogbo ọkọ̀ yòókù lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ki ìka mi bọ ibẹ̀. Ó rì dé oríkèé kejì, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ sì tutù. Ọyẹ́ ló wà lóde nígbà náà o, òjò kò sì tíì kán látìgbà tí a ti palẹ̀ Kérésìmesì mọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Adùnọlá ni orúkọ mi, Ìyá Tómilọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe nípa iná mànàmáná kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kò sí iwin nínú wáyà. Tí nǹkan bá kú, ẹ wo bátìrì rẹ̀. Tí kò bá kú nígbà tó yẹ kó kú, ẹ wo ojú ẹni tó ni ín, òjóró ló ń ṣe. Mo ṣì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ títí di òní, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àwa mẹ́rin la máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé ní ẹ̀yìnkùlé Alàgbà Oyèṣọlá ní Olúyọ̀lé. Alàgbà ṣiṣẹ́ ìjọba títí wọ́n fi dé ipò gíga. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká sí òkè òkun, wọ́n da yanrìn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti pátákó ṣe òkè, afárá àti abúlé kékeré sí i, wọ́n wá di ọ̀gágun lọ́jọ́ ogbó. Ẹnì kejì ni Luke, dókítà eyín tó ní ilé ìwòsàn ní Ring Road. Ẹnì kẹta ni Olúdọ̀tun Ayẹni, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe, ọmọ Èkìtì ni, ó sì ń gbé ní Bódìjà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Èmi ni ẹnì kẹrin, èmi sì ni adájọ́, nítorí pé ọwọ́ mi ni fèrè wà, kò sì sí ẹni tó lè bá mi jiyàn pẹ́ nínú wọn.

Ọkọ̀ ogun kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí la fi ń bá ara wa jà. A kì í pè é ní táǹkì, nítorí tí o bá sọ fún ará Olúyọ̀lé pé táǹkì lò ń tún ṣe, yóò bi ọ́ pé omi mélòó ló ń gbà. Ìbọn rẹ̀ kì í yọ ọta. Iná kan tí ojú ènìyàn kò rí ló ń yìn, irú èyí tó ń jáde lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ojú kékeré kan sì wà lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń gbà á. Tí iná ọ̀tá bá bà ọ́, ọkọ̀ rẹ á gbọ̀n, iná pupa ara rẹ̀ á ṣẹ́jú. Tó bá ti bà ọ́ tó ìwọ̀n kan, iná pupa á tàn láìṣẹ́jú mọ́, ọkọ̀ á sì kú sójú kan títí ìjà yóò fi parí.

Òfin méjì ni mo ṣe fún wa. Èkíní ni pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ̀ náà, kó sì sọ pé ó ti kú, kí gbogbo pápá gbọ́. Kí n tó ṣe òfin yìí, Luke lè kú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé òun kú rárá. Èkejì ni pé a kì í fi òkú sílẹ̀ ní pápá. Tí mo bá ti fọn fèrè ìparí, olúkúlùkù á wọ inú yanrìn lọ gbé òkú rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ẹnì kan ti tẹ ọkọ̀ Alàgbà fọ́ rí.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Tèmi ń jẹ́ Má-fọwọ́-kàn-mí. Luke kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ ní Peculiar, orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà wá gbé oúnjẹ wá bá wa lọ́jọ́ kan, ó sì bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ké pé Peculiar ti kú. Kò bá a jà lójú wa. Ó kàn gbé kóòlà oúnjẹ rẹ̀ padà sínú mọ́tò, ó ní kí Luke pa orúkọ náà rẹ́ kó tó délé. A fi Luke ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó yẹ kí a ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín nìkan la rí.

Fọ́tò kan ni Olúdọ̀tun wò ṣe tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ lọ sógun nígbà ogun abẹ́lé, nígbà tí Olúdọ̀tun ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò sì padà wá. Ẹnikẹ́ni kò wá sọ fún wọn pé ó kú. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí aṣọ. Fọ́tò náà nìkan ló ti ojú ogun wá: ọkùnrin mẹ́ta dúró níwájú ọkọ̀ ogun onítáyà mẹ́fà, bàbá rẹ̀ wà láàárín, àwọn méjì tí a kò mọ̀ wà lápá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀. Wọ́n fi ẹfun kọ Bọ́láwárìn, orúkọ bàbá náà, sára ọkọ̀ náà, nítorí òun ló ń wà á. Olúdọ̀tun fi ọ̀pọ̀ oṣù kan ọkọ̀ náà bó ṣe rí gan-an nínú fọ́tò, ó sì kọ orúkọ náà síbi tí bàbá rẹ̀ kọ ọ́ sí. Ó rẹwà lójú gbogbo wa.

Màmá Ayẹni, ìyá Olúdọ̀tun, ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Olùkọ́ ni wọ́n nígbà ayé iṣẹ́ wọn, ẹni tó máa ń wo ènìyàn lójú títí onítọ̀hún á fi rántí ohun tó gbàgbé. Láti ìgbà ogun yẹn, wọn kò wọ aṣọ opó rí. Nígbà tí ìjọ wọn fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí fún àwọn tó kú sógun, Màmá ní kí wọ́n yọ orúkọ ọkọ àwọn kúrò, pé a kì í ṣe ìrántí ẹni tó ṣì wà lọ́nà. Nínú ilé wọn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ da ọ̀rọ̀ ikú pọ̀ mọ́ orúkọ Bọ́láwárìn. Olúdọ̀tun dàgbà, ó gbéyàwó, ó bímọ, irun rẹ̀ funfun, kò sọ ọ́ rí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé yìí ni pé kí ìyá rẹ̀ kú pẹ̀lú ojú lójú ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ sì pọ́n nígbà tó ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ tí Bọ́láwárìn ti wọ pápá, kò sẹ́ni tó rí i pa. Luke yìn ín níwájú, mo yìn ín lẹ́yìn, Alàgbà lúgọ sábẹ́ afárá, wọ́n yìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná pupa rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Èyí tó tún wá burú ni pé kì í bá wa jà. Olúdọ̀tun á tẹ rìmóòtù sí ọ̀tún, ọkọ̀ náà á yí díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n pè tí kò fẹ́ dáhùn, á wá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí igun ògiri kan, á kọ imú sí i, á sì dúró síbẹ̀. Igun kan náà ni ní gbogbo Sátidé.

Òjóró ni mo pè é. Mo gbà á lọ́wọ́ Olúdọ̀tun, mo gbé e lọ sílé, mo tú u palẹ̀ lórí tábìlì mi. Ojú rẹ̀ ń ríran. Mo gbé Má-fọwọ́-kàn-mí ka iwájú rẹ̀, mo yìn ín, ó gbọ̀n, ó sì kú bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ kú. Wáyà inú rẹ̀ mọ́ ju ti tèmi lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ni ẹrẹ̀ tó há sáàárín àwọn táyà, ẹrẹ̀ pupa tútù, pẹ̀lú ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀ tó ń rùn bí àbàtà. Yanrìn funfun ló wà ní ẹ̀yìnkùlé Alàgbà. Mo nu ẹrẹ̀ náà kúrò, mo sọ fún ara mi pé inú oko kan tí Olúdọ̀tun lọ wọ̀n ló ti gbé e kọjá, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo tún fi fóònù mi wo ibi tí igun ògiri yẹn kọjú sí. Tí ènìyàn bá lè gba inú ògiri náà kọjá, kó ré Ring Road kọjá, kó gba Mọ́kọ́lá, yóò já sí Bódìjà. Mo rí i, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbàdàn tóbi, kò sí igun tí kò kọjú síbì kan.

Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn ìjà, Olúdọ̀tun ní ìyá òun ti ń ṣe ohun tí kò yé òun. Tó bá ti di Sátidé, wọ́n á gbá iwájú ilé, wọ́n á se ọbẹ̀ tó pọ̀ ju tiwọn lọ, wọ́n á wọ aṣọ dáadáa, wọ́n á sì lọ jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ti ní kó fi epo sí ìdè géètì kó má máa dún. Wọ́n ti bi í bóyá ó gbọ́ ìró bàtà lójú títì. Ó ń rò pé ọjọ́ orí ti ń bá ọpọlọ wọn jà, ó fẹ́ mú wọn lọ rí dókítà. Luke ní ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kàwé dé ìwọ̀n yẹn, kò sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọkọ̀ ogun.

Sátidé tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, oòrùn ṣì wà lókè, Alàgbà ti gbé omi tútù síta fún wa. Bí Bọ́láwárìn ṣe wọ pápá ni òórùn epo ọkọ̀ tẹ̀lé e wọlé. Gbogbo wa la gbọ́ òórùn náà. Bátìrì sì ni gbogbo ọkọ̀ wa ń lò. Luke wo ojú mi, mo wo ojú Luke, mo ní jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni.

Ọkọ̀ náà dé igun ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró lọ́jọ́ yẹn. Ó fi imú kan ògiri, ó ń tì í. Ó sún sẹ́yìn, ó tún padà wá tì í. Ìró tó ń ṣe jọ ti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú sùúrù, tó mọ̀ pé èrò wà nílé. Luke rí àyè. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, ó yìn ín, ó tún yìn ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní pápá láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, iná pupa Bọ́láwárìn ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú títí ó fi pé ìwọ̀n, ó sì tàn bó ṣe máa ń tàn lára òkú ọkọ̀. Bọ́láwárìn ń ti ògiri lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní ọkọ̀ náà ti kú, kí Olúdọ̀tun sọ ọ́.

Olúdọ̀tun gbé rìmóòtù rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga. Ọkọ̀ náà kò yé rìn. Ó súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

“Ìyá Tómi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kàn gbé e kúrò. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.”

Ohun tó ń bẹ̀ mí lé lórí yé mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú náà ló sì jẹ́ kí n rò pé mo mọ ohun tó dára fún un ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tí kò lè sọ pé bàbá òun kú, ó yẹ kí ẹnì kan ràn án lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé òfin ni òfin, kó sọ ọ́, ara á fúyẹ́.

Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. “Ọkọ̀ mi” ni Olúdọ̀tun máa ń pe ọkọ̀ náà láti ọjọ́ yìí wá, n kò gbọ́ orúkọ tó kọ sára rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó kọjú sí igun ògiri, ó fa èémí. Kò pariwo.

“Bọ́láwárìn ti kú,” ló wí.

Ọkọ̀ náà dúró bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ìbọn orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kọjú sí Olúdọ̀tun. Rìmóòtù ṣì wà lórí àga, mo rí i níbẹ̀. Ìbọn náà wo Olúdọ̀tun fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi kan yanrìn. Òórùn epo náà kò sí mọ́.

Fóònù Olúdọ̀tun dún. Ìyá rẹ̀ ni. Wọn kò kí i, wọn kò bínú sí i. Wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé, kó sì mú obìnrin tó ní kó sọ ọ́ dání.

Mọ́tò mi la gbé lọ sí Bódìjà. A ti fi Alàgbà àti Luke sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, n kò sì rántí fọn fèrè ìparí kí n tó jáde. Nígbà tí a dé, géètì ilé wọn ṣí sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí Màmá ti gbá mọ́, ipa bàtà sójà wà, ẹrẹ̀ pupa ni, kò tíì gbẹ. Ó wá láti géètì títí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Níbẹ̀, ó yí padà. Àwọn ipa tó ń padà lọ kò hàn tó àwọn tó ń bọ̀, wọ́n sì pòórá kí wọ́n tó dé géètì. Ìta géètì náà ní ẹrẹ̀, bí ibi tí àwọn kan ti dúró de ẹni tó wọlé. Mo rí ìyẹn náà, n kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Màmá Ayẹni jókòó ní pálọ̀ nínú léèsì funfun. Abọ́ oúnjẹ méjì wà lórí tábìlì, wọ́n dé e, ó ṣì ń rú èéfín. Olúdọ̀tun dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó dìde. Wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó. Ohùn wọn wálẹ̀, a ní láti súnmọ́ wọn kí a tó gbọ́.

“Sátidé àkọ́kọ́, ọ̀nà jíjìn ni mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ ọkọ mi. Èyí tó tẹ̀lé e, ó ti súnmọ́ sí i. Lónìí ó wọlé ní géètì, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn yìí. Mo rí òjìji bàtà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti dìde kí n lọ ṣí i. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ní ó ti kú.”

Olúdọ̀tun bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo rán an ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n bá mi wí. Màmá fi ọwọ́ dá mi dúró. Wọ́n ní àwọn kò tíì sọ èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀.

“Kò bínú. Ó dúró síbẹ̀, ó sì bi mí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó pe orúkọ mi, ó ní, Ọmọ́fẹ́, ṣé òótọ́ ni?” Wọ́n yíjú sí mi. “Ìyá Tómi, òun náà kò mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ń ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́, inú àbàtà ló ti ń rìn kiri, ó ń wá ẹni tó máa sọ fún un.”

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní àwọn sọ fún un pé òótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí padà. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Wọ́n béèrè ibi tí a gbé ọkọ wọn sí.

Mo ní ó wà nínú yanrìn ní Olúyọ̀lé. Màmá ní ọmọ àwọn ti sọ fún àwọn rí pé a ní òfin kejì, pé a kì í fi òkú sílẹ̀ ní pápá. Mo dìde, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi, Màmá sì tẹ̀lé wa jáde.

Nígbà tí a padà dé, Luke ń làágùn. Ó ní òun àti Alàgbà ti gbìyànjú láti gbé ọkọ̀ náà kúrò lára ògiri, kò mira. Olúdọ̀tun fi ọwọ́ méjèèjì sí i, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, kò mira. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ kan gbé e rí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fà á, ó dà bí ìgbà tí mo ń fa ilé. Mo yọ fèrè mi, mo fọn ìparí ìjà, nítorí òun nìkan ni ohun tí a kò tíì ṣe.

Màmá bọ́ bàtà wọn sẹ́bàá yanrìn. Wọ́n rìn lọ síbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ sí ọkọ̀ náà ní èdè Èkìtì wọn, a kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n wá gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì bá wa lọ sínú mọ́tò. Lórí ẹsẹ̀ wọn ló wà títí a fi dé Bódìjà. Mo bi wọ́n bóyá ó wúwo, wọ́n ní rárá. Ṣùgbọ́n ìdí mọ́tò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ ní gbogbo kòtò tí a bọ́ sí.

Wọ́n sin ín ní Èkìtì, ní ilé bàbá rẹ̀. Àlùfáà béèrè ohun tó wà nínú àpótí kékeré náà. Màmá ní ọkọ àwọn ni, àlùfáà kò sì béèrè mọ́. Wọ́n wọ aṣọ opó tí wọ́n ti ń sá fún láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n sunkún tó tó ẹkún, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n jẹun, wọ́n sì sùn. Olúdọ̀tun sọ fún mi pé wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, wọn kì í wo géètì mọ́. Inú mi dùn, n kò sì ní fi ìdùnnú náà pamọ́. Ẹ bi mí bóyá mo kábàámọ̀ pé mo ní kó sọ ọ́, màá ní rárá. Ká ní n kò fi agídí sí i, ọkùnrin náà ì bá ṣì máa rìn.

Ó wù mí kí n dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, Olúdọ̀tun fi fọ́tò yẹn hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì wò ó bó ṣe yẹ kí n ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ẹnì kan jáde. Ẹnì kan á wà á, ẹnì kan á yìnbọn, ẹnì kan á máa pàṣẹ. Mo yí ẹ̀yìn fọ́tò náà wò, kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Màmá kò mọ àwọn méjì náà, wọ́n ní ọkọ àwọn kò dárúkọ wọn fún àwọn rí.

Ní Sátidé tó kọjá, a tún pàdé. Olúdọ̀tun gbé ọkọ̀ tuntun wá, ó sọ ọ́ ní Ìdẹ̀ra. A jà dáadáa, Luke kú, ó sì gbà pé òun kú láìjiyàn. Mo fọn fèrè ìparí, olúkúlùkù gbé òkú rẹ̀, a yọ bátìrì gbogbo wọn, a tò wọ́n sórí tábìlì. Àwọn ọkùnrin wọlé lọ fọwọ́. Èmi nìkan ló jókòó síta, ẹsẹ̀ mi wà lórí yanrìn, nígbà tí mo gbọ́ òórùn epo ọkọ̀.

Ipa bàtà ń bọ̀ láti igun ògiri yẹn. Mo ń wò ó bó ṣe ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ẹni méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n rìn gba ẹ̀gbẹ́ afárá kékeré náà, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dé iwájú àga mi, wọ́n dúró. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n èmi ni adájọ́, adájọ́ kì í sá kúrò ní pápá. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀, ohùn tó rẹ̀, tó sì ní ẹ̀kọ́ ilé.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òótọ́ ni?”

Mo ní òótọ́ ni. Mo dúró kí yanrìn náà yí padà, kò yí. Mo wá rántí òfin tí èmi fúnra mi ṣe, pé wọ́n gbọ́dọ̀ pe ènìyàn lórúkọ kí gbogbo pápá gbọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dúró. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n pé kí lorúkọ wọn, kí n lè pè wọ́n.

Mo rí i tí yanrìn níwájú mi rì díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ara lé ẹsẹ̀ kejì.

“A rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ni, mà,” ló wí.